Èémí Kan Ṣoṣo Tó Sọnù

Olè jà, ẹrù ò kúrò nílẹ̀. Bí Alága ìgbìmọ̀ ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, kó tó kí wa, kó tó ní ká jókòó, tó ń fi ìka gbá tábìlì bí ẹni tó ń pa èèrà.

"Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó! Gbogbo rẹ̀ pátápátá!"

Ọ̀gá mi wo yàrá náà yí ká. Kọ̀ǹpútà tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè, kò sí fèrèsé tó fọ́, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n já.

"Mà, kí ni wọ́n kó gan-an? Mo rí i pé nǹkan yín pé."

"Ó pé. Ó wà níbí. Ó sì tún wà lọ́wọ́ gbogbo ayé! Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mo ti wá ewúrẹ́, mo ti wá ọkọ̀, mo ti wá ìyàwó ẹlòmíì tí kò sọnù rárá, tó kàn sá fún ariwo ọkọ rẹ̀. N kò tíì wá olè tó jí nǹkan tó sì fi í sílẹ̀ fún olóhun rí. Mo yọ báírò mi, mo tún dá a padà sápò.

Ojúlarí là ń pe ọ̀gá mi ní àgọ́ wa. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. A pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ohun tí àwa yòókù ń wò, òun ló ń rí i. Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ, ó fi ipò jù mí lọ. Èmi ń pè é ní ọ̀gá, òun náà ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Obìnrin ni, ara rẹ̀ tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ ò ròkè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ọ̀nà ló wá bèèrè.

Ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí Alága bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìdí.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyí. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí dókítà obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ ìwádìí yìí fi ń lọ bá àwọn tó ń fọ́ òkúta, àtàwọn ará ilé wọn, láti gba èémí wọn sílẹ̀. Eruku òkúta máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ ara rẹ̀ di mímọ̀. Ìgbà tó bá máa sọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn. Dókítà á gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé ènìyàn lẹ́yìn, á ní kó mí sínú, kó mí síta. Ó gbàgbọ́ pé bí èémí bá pọ̀ tó, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ bá fi etí sí i, wọn á rí àìsàn náà kó tó rí ènìyàn gbé ṣe. Dókítà Mímí ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún tó kọjá ló kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ bá ilé iṣẹ́ oògùn kan sọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ oògùn náà nìkan ni kó ni gbogbo èémí náà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn. Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lọ́wọ́.

"Mo sì mọ ẹni tó ṣe é," ni Alága wí. "Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kánmọ́kánmọ́ yẹn ni. Òun ni igbákejì olóògbé. Òun ló ń pariwo nípàdé pé ká ṣí i sílẹ̀, ká ṣí i sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ilé ìwẹ̀."

"Mà, ariwo kọ́ ni olè," ni ohùn kan wí lẹ́bàá fèrèsé.

Olùdarí ilé iṣẹ́ náà ni. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun tán, tí aṣọ rẹ̀ rí bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ọn lára. Láti ìgbà tí a ti wọlé, ìta ló ń wò.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni ọmọ náà ń ṣe," ó ní. "Ó láápọn. Kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí i?" Ojúlarí bi í.

"Èmi. Òun. Àti olóògbé."

"Ṣé ẹnì kan lè ti ìta wá, kó já a gbà?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ayé pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ̀yin àti Dókítà ńkọ́, sà? Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

Ó tún kọjú sí ìta. "Nínú yàrá yìí. Ọjọ́ tó gba ìsinmi àìsàn. Ó dágbére fún gbogbo wa lápapọ̀, ó sì lọ sílé."

Ojúlarí dúpẹ́, a jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró tó ní, "Sájẹ́ǹtì, ẹ ti rí ẹni tí wọ́n jà lólè rí, tó ń wá àwáwí fún olè?"

Mo ní, "Rárá, ọ̀gá. Ẹni tí wọ́n bá jà lólè, títí kan ọmọ tó wà nínú oyún ló máa ń fura sí."

Ó ti kan ilẹ̀kùn Kánmọ́kánmọ́.

Ọmọ náà kò purọ́ orúkọ rẹ̀. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn.

"Èmi kọ́ o, mà, èmi kọ́! Ìbá wù mí kó jẹ́ èmi, mi ò ní purọ́, ìbá wù mí gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́yàwó ni, mà, ẹ wo nǹkan kan, ẹ wá wo bí ẹni náà ṣe tò ó!"

"Fara balẹ̀," ni Ojúlarí wí. "Tò ó báwo?"

Ọmọ náà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. "Mà, ẹni tó bá fẹ́ ba ilé iṣẹ́ jẹ́, ńṣe ló máa da nǹkan sílẹ̀ wúruwùru. Onímọ̀ tó bá wà lókè òkun á ṣí i, kò ní mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo eléyìí. Èémí kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọjọ́ orí onítọ̀hún sí i, ó kọ iye ọdún tó fi wà nídìí òkúta, ó kọ irú ẹ̀rọ tí a lò àti ibi tí a gbé e lé lẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí lè lò ó lónìí láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó wá kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé kí gbogbo ayé máa lò ó, kí wọ́n ṣáà máa dárúkọ Dókítà Mímí. Olè wo ló ń dárúkọ ẹlòmíì?"

"Orúkọ àwọn aláìsàn ńkọ́?"

"Kò sí. Ó yọ ọ́ pátá. Àní ẹ gbọ́ èyí."

Ó kọ́kọ́ fi èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sí i. Ohùn obìnrin kan jáde, ó rọra, ó sì gbóná bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora: "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yọ̀ǹda èémí yín fún wa. Ó yá, ẹ mí sínú. Ẹ mí síta." Lẹ́yìn náà ni èémí ọkùnrin kan, tó ń ha bí ìgbálẹ̀ lórí símẹ́ǹtì.

Kánmọ́kánmọ́ dá a dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó wá fi èyí tó jáde síta sí i. Èémí náà nìkan ló wà níbẹ̀. Ohùn Dókítà ti lọ.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló gé bẹ́ẹ̀?" Ojúlarí béèrè.

"Gbogbo rẹ̀, mà. Torí pé Dókítà máa ń pe orúkọ ẹlòmíì tó bá ń kí wọn. Ẹ̀rọ ò lè gé e báyìí. Ẹ̀rọ á bu èémí mọ́ ọn. Etí ènìyàn ló gé e."

Ọ̀gá mi dijú. Mo mọ̀ pé tó bá ti dijú báyẹn, kí n má wúkọ́.

"Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan jókòó síbì kan," ó ní, "ó gbọ́ bí òkú ṣe ń kí ènìyàn káàárọ̀ lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ó gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sì yára." Ó lajú. "Ṣé iye tó jáde bá iye tó wà nílé mu?"

Kánmọ́kánmọ́ kà, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó bá a mu, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní ó yẹ kó fi ẹyọ kan lé sí i. Ẹnì kan ti yọ ọ̀kan kúrò. Kò sí nílé, kò sí níta."

"Èwo ni?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, màá hú u jáde."

Ojúlarí kọjú sí mi, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn. "Sájẹ́ǹtì, olè wà lóòótọ́. Àwa kàn ń wá a níbi tí kò sí ni. Gbogbo ariwo yìí, ìfifúnni ni. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ni olè." Ó bi ọmọ náà bóyá ẹnì kan ti wá béèrè èémí ẹyọ kan rí.

"Télọ̀ kan wà," ó ní. "Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tí a gba èémí wọn. Ọmọ náà kú. Bàbá náà wá bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Alága ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un jáde."

Mo ti ń mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

Ìsọ̀ télọ̀ náà wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà kan tí kò gbòòrò. Aṣọ tí wọn ò tíì rán kún orí àga, ó kún ilẹ̀, ó kún orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá náà jókòó sáàárín rẹ̀, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, yápíìsì létí, ojú pípadé. Mo ní, "Ọlọ́pàá!" Kò lajú. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè, pé kí n dákẹ́.

Mo dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pa mí lẹ́nu mọ́ láìsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó yọ yápíìsì náà. "Ẹ má bínú. Ó kù díẹ̀ kó parí ni."

"Kí lẹ ń gbọ́, Bàbá?" ni Ojúlarí bi í.

"Ọmọ mi ni."

Mo wo ọ̀gá mi, bí ẹni tó ń bèèrè bóyá kí n mú ọkùnrin náà. Ó mi orí sí mi pé rárá. Ó gba yápíìsì náà, ó fi sétí tirẹ̀, ó gbọ́ ọ títí.

"Wọ́n ti yọ gbogbo orúkọ kúrò," ó ní. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Wọ́n yọ orúkọ. Ta ló lè yọ ọmọ kúrò létí bàbá rẹ̀? Ẹ tún un gbọ́. Tó bá ti mí sínú, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tó tún gbàgbé, kó tó mí síta. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni. Ìyá rẹ̀ máa ń jí mi pé, 'Baálé mi, ó tún dúró o.' Láti Ọjọ́rú tí mo ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣí i ni mo ti ń fetí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èémí baba oníbaba, èémí ìyá oníyàá. Àwọn oníbàárà mi ti bú mi tán. Àná ni mo débi tirẹ̀." Ó fọwọ́ pa fóònù náà lójú bí ẹni pa ọmọ lórí. "Ìdí òkúta ló ti ń ta omi. Mo sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀. Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ṣé ẹ gbà kó wà lójú ayé báyìí, kí gbogbo ènìyàn máa gbọ́ ọ?"

"Òun ló gbà, ìyá. Èmi ni mo kọ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga yẹn, ó ní kí a tó tẹ̀ka, kí á mọ̀ pé èémí yìí kò ní jẹ́ ti ẹnì kan; ti gbogbo ayé ni, kí wọ́n lè fi wá ìwòsàn, kí ọmọ ẹlòmíì lè yè. Ọmọ mi ní, 'Bàbá, bó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, a jẹ́ pé èmi náà á dé òkè òkun nìyẹn.' Ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀."

Ojúlarí dá yápíìsì náà padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èémí ọmọ rẹ̀ wà lára èyí tó jáde síta. A jẹ́ pé òun kọ́ ló sọnù. Télọ̀ kì í ṣe olè wa.

A padà sínú ọkọ̀. Èmi ń rántí ìyàwó mi. Ó lọ tọ́jú ọmọ ọmọ wa lókè òkun, ó ní oṣù díẹ̀ ni. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí. Ìyàwó mi máa ń hanrun gan-an, mo sì máa ń ráhùn. Ní àkókò yẹn, ìbá wù mí kí ẹnì kan ti gba ìhanrun náà sílẹ̀ fún mi.

Fóònù ọ̀gá mi dún. Kánmọ́kánmọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gun ara wọn. Ó ti hú u jáde. Èyí tó sọnù ni èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ohùn náà ti lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gbà á ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ọjọ́ náà kò sì yé e: gbogbo ìgbàsílẹ̀ ti parí nígbà náà, Dókítà sì ti wà nílé lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn.

"Kí ló pa Dókítà gan-an?" ni Ojúlarí bi í.

"Ẹ̀dọ̀fóró ni, mà. Àìsàn eruku yìí náà ni. Ìdí òkúta ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà."

Ojúlarí pa fóònù náà. Ó gbé orí lé àga, ó ní, "Àárọ̀ ọ̀la, Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká lọ kí Olùdarí."

Olùdarí ń bu omi rin òdòdó kan lójú fèrèsé nígbà tí a wọlé. Ojúlarí kò jókòó.

"Sà, mo wá sọ fún yín pé Alága ti ní kí a mú Kánmọ́kánmọ́ lónìí."

Ó fa ife omi náà kúrò lórí òdòdó. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú."

"Mo mọ ìwà rẹ̀ ni."

"Ó dáa. Nǹkan kan ló kù tí kò yé mi. Èémí kan sọnù, èyí tí wọ́n gbà nígbà tí Dókítà wà lórí ìdùbúlẹ̀. Èrò mi ni pé èémí tirẹ̀ ni. Ó dá wà nílé, ó gbé ẹ̀rọ, ó gba èémí ara rẹ̀."

"Rárá," ni Olùdarí wí, ó sì yára. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ wà, lábẹ́ eegun èjìká. Apá òsì nìkan ló lè fi sùn nígbà yẹn, torí èémí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé—"

Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Èmi pàápàá gbọ́ ọ. Omi ń kán láti ara òdòdó náà sílẹ̀, tó, tó.

"Sà," ni Ojúlarí wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, "ẹ sọ fún wa pé nínú yàrá ẹ̀rọ lẹ ti rí i kẹ́yìn, kó tó lọ sílé. Ọ̀gá iṣẹ́ kì í mọ apá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń sùn."

Olùdarí gbé ife náà kalẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ìka kan tẹ̀lé èkejì. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi," ó ní. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ níbí. Níbí yìí, 'Dókítà' ni mo fi ń pè é."

Ilé rẹ̀ mọ́, ó sì dákẹ́, ilé ẹni tó ń dá gbé. Àga méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni ìtìmùtìmù rẹ̀ ti gbó. Ó ní ká jókòó, a sì rọra yẹra fún àga kejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa.

"Kí n tó di olùdarí ni a ti mọra," ó bẹ̀rẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní ká dúró ná. Ó ní bí òun bá fẹ́ ọ̀gá òun, ayé á ní orí ibùsùn ni òun ti rí iṣẹ́ òun, àwọn ènìyàn tó yọ̀ǹda èémí wọn á sì di ẹni yẹ̀yẹ́. Ó ní tí ìwádìí náà bá ti parí, tí a ti gbé e fún gbogbo ayé, a ó ṣe ìgbéyàwó. Mo ní kò burú. Mo rò pé ọdún méjì ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Níwájú àwọn ènìyàn, 'ẹ káàárọ̀ sà,' 'ẹ káàárọ̀ Dókítà.' Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ bá a, á dá mi jókòó, á fi èémí sí i fún mi, á ní, 'Gbọ́ eléyìí, gbọ́ bó ṣe ń lọ.' Bí àwọn mìíràn ṣe ń gbọ́ orin nìyẹn. Ìwádìí parí. Oṣù kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́."

"Àdéhùn ilé iṣẹ́ oògùn ńkọ́?"

"Ìgbìmọ̀ ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní a ti ṣèlérí fún àwọn ènìyàn. Alága ní òkú kì í bèèrè ìlérí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, ọwọ́ olùdarí ni àṣẹ wà láti ṣí i. Òfin ilé iṣẹ́ wa ni. Bí mo bá sọ tẹ́lẹ̀, wọn á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílé yìí, mo ń gé ohùn rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò mọ iṣẹ́ tó le bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n tó gé e, kí n tún un gbọ́. Bí wọ́n bá ti gbá ọmọ yẹn mú, èmi fúnra mi ni ǹ bá wá sọ́dọ̀ yín."

Ojúlarí mi orí. "Mo gbà yín gbọ́. Nípa gbogbo ìyókù, sà, kò sí olè. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ohun tí màá kọ fún Alága nìyẹn. Ẹyọ kan yìí ni mo wá bá yín sọ."

Olùdarí fọwọ́ bo àpò àyà rẹ̀, níbi tí fóònù rẹ̀ wà. Kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

"Òun nìkan ni mo ní," ó ní.

"Mo mọ̀. Télọ̀ kan wà lọ́hùn-ún tí èémí ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé." Ó wo àpò náà. "Sà, kí ni Dókítà ní kí ẹ ṣe sí i?"

Ọkùnrin náà wo ìta. Ọmọdé kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lójú títì, ó ń lu agogo rẹ̀ láìnídìí.

"Ó ní kí n fi kún un," ó ní níkẹyìn. "Ìdí tó fi ní kí n gbà á nìyẹn. Ó ní nínú gbogbo àwọn tí òun ti gba èémí wọn, kò sí ẹni tó jẹ́ kí òun gbà á nígbà tó ti le tó báyẹn; ojú máa ń ti òun láti bèèrè. Ó ní àwọn onímọ̀ nílò ìparí rẹ̀. Mo ṣèlérí fún un. Nígbà tó kan tirẹ̀, ọwọ́ mi kò gbà; mo yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ."

Ó yọ fóònù náà, ó fi í sí i fún wa.

Ohùn ọkùnrin ló kọ́kọ́ jáde, ohùn tirẹ̀, ó ń gbọ̀n: "Ṣé o ti ṣe tán?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ohùn tó kí Bàbá oníṣẹ́ òkúta káàárọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí "ẹ" níbẹ̀ mọ́, kò sí "sà": "Ìwọ ni o ò tíì ṣe tán. Gbé e sókè díẹ̀. Ọwọ́ rẹ tutù, jàre!" Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni èémí: ó kúrú, ó ń fà, bí ẹni tó ń gun òkè tí kò rí orí rẹ̀. Ó pẹ́. N kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Olùdarí pé kó ṣe é. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan, ó sì ṣiṣẹ́ náà bó ṣe ṣe gbogbo ìyókù. Ó gé ohùn tirẹ̀ àti ti Dókítà kúrò, ó fi sí ọ̀tọ̀. Ó kọ ọjọ́ orí Dókítà. Ó kọ iye ọdún tó fi gbé nídìí òkúta. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó kọ ẹni tó gba èémí náà sílẹ̀, ó wo Ojúlarí.

"Ẹ̀yin lẹ gbà á, sà," ó ní. "Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rán èémí náà jáde.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣòro láti mọ̀. Alága pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, ilé iṣẹ́ oògùn náà sì bínú lọ. Ìgbìmọ̀ ní kí Olùdarí máa lọ sinmi nílé, kò jiyàn. Kánmọ́kánmọ́ kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń dáhùn ìbéèrè àwọn onímọ̀ láti ibi tí èmi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Wọn kò tíì rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fetí sí i.

Gbogbo ìyẹn ṣì wà níwájú ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Ní ọjọ́ náà, Olùdarí pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó sì di fóònù rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Èyí tí mo gé kúrò yìí," ó ní, "ṣé ẹjọ́ ló jẹ́? Ṣé kí n kó o fún yín?"

Mo la ẹnu. Òfin ní ẹ̀rí ni. Ojúlarí fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi.

"Àwọn onímọ̀ kò nílò rẹ̀, sà," ó ní. "Tiyín ni."

Ó dìde, mo tẹ̀lé e. A rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn wa. A ò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí a fi gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, obìnrin náà tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé ọwọ́ ẹnì kan tutù. Ọ̀gá mi dúró. Èmi náà dúró. Ẹ̀rín náà parí. Ó ṣe díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.